Ẹ YÀ Á KÍ Ẹ TÓ KÀN ÁN: Ìdí tí Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń Ṣe Rọ́bọ́ọ̀tì Fi Gbọ́dọ̀ Kọ́ Yíya Iṣẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ohun gbogbo pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé ìlànà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí iṣẹ́ kan tí ó ń tàn kálẹ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí ni ṣíṣe rọ́bọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ tí a fi ètò sí nínú kí ó lè máa dá gbé nǹkan, kí ó máa rìn, kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ lónìí, àwọn ọ̀dọ́ a máa kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́, wọn a dá owó, wọn a ra irin, wáyà àti bátìrì, wọn a sì lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn díje. Iṣẹ́ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó máa ń ti ibi gígé irin bẹ̀rẹ̀. Wọn a gé e, wọn a lu ihò sí i, wọn a rí i pé kò bá ara mu, wọn a tún gé òmíràn. Nígbà tí ọjọ́ ìdíje bá fi dé, owó ti tán, irin ti di àjákù, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ti ń bá ara wọn jà.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe rọ́bọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń ya iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kí ó tó fọwọ́ kan irin. Àṣìṣe orí kọ̀ǹpútà kì í ná ẹnikẹ́ni ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àṣìṣe orí irin ni ó ń jẹ owó, tí ó ń jẹ àkókò, tí ó sì ń jẹ amáànà àwọn tí ó fi ọkàn tán wa.

KÍ NI CAD?

CAD ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe yíya àwòrán iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe àwòrán lásán bí èyí tí a ń fi fóònù yà. Fọ́tò a máa fi bí nǹkan ṣe rí hàn wá, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí ó ti nípọn tó, tàbí bí ihò rẹ̀ ti fẹ̀ tó. Nínú CAD, ohun tí a bá yà ní òró, ìbú àti gíga, gbogbo rẹ̀ sì ní iye rẹ̀ ní mìlímítà. A lè yí i wò níwájú àti lẹ́yìn, a lè là á sí méjì kí a wo inú rẹ̀. A lè kó àwọn ẹ̀yà rẹ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di odidi rọ́bọ́ọ̀tì, kí a sì mú apá rẹ̀ lọ sókè sódò láti mọ̀ bóyá yóò lu nǹkan mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ télọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Télọ̀ tí ó mọṣẹ́ kì í ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ oníbàárà láìtíì wọn oníbàárà náà. Yóò fi tépù wọn èjìká, àyà àti apá, yóò kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa kọ́kọ́ gé pátánì lórí bébà. Bébà tí ó bá bàjẹ́, jíjù nù ni. Léèsì tí ó bá bàjẹ́, ẹjọ́ ni. CAD ni bébà télọ̀ fún ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ. Ó tún fi ohun kan dára ju bébà lọ: bí a bá ya iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ, tí a sì yí iye kan padà, bóyá a sọ òpó kan di 120 mìlímítà láti 100, gbogbo ẹ̀yà tí a so mọ́ òpó náà yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1963, Ivan Sutherland, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣe ètò kan tí ó pè ní Sketchpad. Ó ń fi ohun ìkọ̀wé oníná ya ìlà sí ojú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà sì ń tọ́ ìlà rẹ̀ sọ́nà. Ní 1982 ni AutoCAD jáde, tí àwọn ayàwòrán-ilé àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó lórí kọ̀ǹpútà kékeré. Ní 1995, SolidWorks tẹ̀lé e. Ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá nìkan lè rà nígbà kan rí ti wá di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré ọmọdé ni, kí ó wo bàálù Boeing 777, tí ó kọ́kọ́ fò ní oṣù kẹfà ọdún 1994. Irú bàálù yìí ti gbé ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò Hájì lọ sí Jidda. Ẹ̀yà rẹ̀ ju mílíọ̀nù 3 lọ. Kí ó tó di ìgbà náà, àṣà àwọn tí ń ṣe bàálù ni láti kọ́kọ́ kan bàálù àpẹẹrẹ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá páìpù kan kò ní dínà fún wáyà kan. Fún 777, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti kó àwọn ẹ̀yà náà jọ, wọ́n sì fi apá iwájú bàálù ṣe àpẹẹrẹ láti dán an wò. Nígbà tí wọ́n rí i pé ohun tí kọ̀ǹpútà wí rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, wọ́n pa kíkan àpẹẹrẹ ìyókù tì. Bí àwọn tí ó lówó tó bẹ́ẹ̀ bá ń yà á kí wọ́n tó kàn án, kí ni kí àwa tí a ń dá owó ní ẹgbẹ́ ṣe?

ÌPÌLẸ̀ RẸ̀ NÍNÚ Ẹ̀SÌN WA

Àlùkùránì Alápọ̀nlé sọ ọ̀rọ̀ Ànábì Dáúdà fún wa nínú Súra Saba'. Ọlọ́hun rọ irin fún un, Ó sì pàṣẹ fún un pé kí ó fi ṣe ẹ̀wù ogun. Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí i pé àṣẹ náà kò mọ sí pé kí ó ṣe ẹ̀wù. A pa á láṣẹ pẹ̀lú pé kí ó wọn àwọn òrùka irin tí ó so kọ́ra náà dáadáa. Bí òrùka bá tóbi jù, ọfà yóò ráàyè wọlé. Bí ó bá kéré jù, ẹ̀wù yóò le gbagidi lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ẹni tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ rọ irin fún, síbẹ̀ a kò yọ̀ǹda fún un pé kí ó máa fojú díwọ̀n. Àwa tí irin kò rọ̀ fún ńkọ́?

Bákan náà, Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ pé kí a máa ṣe ohun gbogbo ní ọ̀nà tí ó dára, èyí tí a ń pè ní ihsaan. Kò yọ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó kírun dáadáa, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì rí jákujàku, ó kù fún un láti kọ́ apá kan nínú ẹ̀kọ́ náà.

Àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ mọ èyí. Al-Jazari, tí ó ṣiṣẹ́ fún àwọn ọba Artuqid ní ìlú Diyarbakir tí ó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí, parí ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ àrà ní 1206. Ẹ̀rọ 50 ni ó ṣàlàyé nínú rẹ̀: aago olómi, ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú odò, àti ère tí ń da omi sí ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Òun kò dákẹ́ lórí pé òun ti ṣe ẹ̀rọ. Ó ya àwòrán wọn, ó fi lẹ́tà sí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ìwọ̀n wọn, kí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ọ̀nà ṣe tirẹ̀. Ní 1974, Donald Hill tú ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di 1976, tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún àgbáyé Ìsìláàmù ní Lọ́ńdọ̀nù, a tún aago olómi ńlá rẹ̀ kọ́ láti inú ohun tí ó kọ sílẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ọdún 770 ni ó wà láàrin méjèèjì. Ọwọ́ al-Jazari ti jẹrà tipẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ń kọ́ni síbẹ̀. Ìmọ̀ tí ń ṣe ènìyàn ní àǹfààní lẹ́yìn ikú olúwa rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí Ànábì wa kọ́ wa nípa irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

ÀǸFÀÀNÍ MÁRÙN-ÚN TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

1. Ó ń kọ́ wa ní òṣùwọ̀n òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú gíà méjì, ọ̀kan ní eyín 20, èkejì ní eyín 40. Òṣùwọ̀n eyín wọn, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní module, jẹ́ 1.5 mìlímítà. Bí a bá fi iye eyín lu òṣùwọ̀n yìí, a ó rí ìbú gíà kọ̀ọ̀kan níbi tí eyín wọn ti ń pàdé: 30 mìlímítà fún ti àkọ́kọ́, 60 fún èkejì. Ìdajì 30 jẹ́ 15, ìdajì 60 jẹ́ 30. Nítorí náà, àárín ihò méjèèjì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ara wọn ní 45 mìlímítà. Bí a bá lu ihò sí 44, eyín wọn yóò fún mọ́ra, ẹ̀rọ kò ní yí. Bí a bá lu ú sí 46, wọn yóò máa ṣe gbọ̀ngbọ̀n, eyín yóò sì tètè jẹ. Ojú lè tètè ṣi mìlímítà 1 nígbà tí a bá ń fi rúlà àti ìṣó sàmì sí irin. Lórí kọ̀ǹpútà, 45 ni a ó kọ, 45 ni yóò sì jẹ́.

Òfin ìdíje pẹ̀lú ń béèrè òṣùwọ̀n. Nínú ìdíje FIRST Tech Challenge, rọ́bọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí tí ó jẹ́ íǹṣì 18 ní òró, ní ìbú àti ní gíga nígbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò yà á tẹ́lẹ̀ lè máà mọ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje pé apá ẹ̀rọ wọn yọ síta ní ìwọ̀n ìka kan.

2. Ó ń gbà wá lọ́wọ́ ìnákúnàá. Ẹ wo irin alumíníọ̀mù kan tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, tí ó fẹ̀ ní 20, tí ó sì nípọn ní mìlímítà 3. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ yóò jẹ́ gíráàmù 486. Bí a bá fi méjì ṣe ìsàlẹ̀ àti òkè rọ́bọ́ọ̀tì, ó ti súnmọ́ kílò kan, a kò sì tíì gbé bátìrì lé e. Bí a bá sọ fún CAD pé alumíníọ̀mù ni a ó lò, yóò bá wa ṣe ìṣirò yìí fún ẹ̀yà gbogbo, yóò sì fi ibi tí ìwúwo rọ́bọ́ọ̀tì gbé dojú kọ hàn wá. A ó wá mọ̀ kí a tó ra ohunkóhun bóyá ẹ̀rọ náà yóò dojú dé nígbà tí ó bá gbé ẹrù sókè. Owó tí ẹgbẹ́ ń ná kì í ṣe owó ẹnì kan. Òmíràn wá láti ọwọ́ ìyá tí ń ta ata lọ́jà, òmíràn láti inú àpótí ìjọ. Amáànà ni. Ẹni tí ó ń sọ irin di àjákù nítorí pé kò fẹ́ jókòó yà á, ìná-àpà ni ó ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ rere ni ó ń fi owó náà ṣe.

3. Ó ń jẹ́ kí ìmọ̀ràn wà láàrin wa. Nígbà tí rọ́bọ́ọ̀tì bá wà lọ́kàn ẹnì kan ṣoṣo, ẹni náà ni ọ̀gá, àwọn yòókù di ẹni tí ń bá a mú tọ́ọ̀ṣì. Wọn kò lè sọ pé ibí yìí kò dára, nítorí wọn kò rí ohun tí ó ń rò. Nígbà tí a bá yà á, gbogbo wa ni a jọ ń wò ó. Ọmọ ọdún 13 lè nawọ́ sí i kí ó sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, bátìrì yìí yóò dí apá yẹn lọ́nà.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì lè gba ẹgbẹ́ là. Súra kan wà nínú Àlùkùránì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ash-Shuuraa, ìmọ̀ràn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà; ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè jọ sórí ohun tí ojú kò jọ rí.

A fẹ́ kí àwọn arábìnrin wa fi ọkàn sí ibi yìí. Ní ẹgbẹ́ púpọ̀, àwọn ọmọkùnrin a máa kó yí tábìlì ká, wọn a gba àwọn irinṣẹ́ mọ́wọ́, àwọn ọmọbìnrin a sì di akọ̀wé àti olùtọ́jú oúnjẹ. Èyí kò tọ́. Yíya iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni máa fara gbún ẹnikẹ́ni lórí tábìlì. Arábìnrin lè jókòó ní àyè tirẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú àti ọ̀wọ̀ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé òun gan-an ni ó ya apá tí rọ́bọ́ọ̀tì fi gba ipò kìíní. Ẹni tí ó ya iṣẹ́ ni ó mọ iṣẹ́.

4. Ó ń pa ìmọ̀ mọ́ fún àwọn tí ń bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó mọ gbogbo nǹkan yóò ṣe ìdánwò àṣejáde rẹ̀, yóò sì lọ. Bí ìmọ̀ ẹgbẹ́ bá wà ní ìka ọwọ́ rẹ̀ nìkan, ó ti bá a lọ nìyẹn, àwọn àbúrò yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ṣùgbọ́n bí àwòrán bá wà, tí a kọ ọjọ́ sí i, tí a kọ ìdí tí a fi ṣe é bẹ́ẹ̀ sí i, ibi tí ẹ̀gbọ́n bá a dé ni àbúrò yóò ti gbé e.

5. Ó ń jẹ́ kí a lè gba ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n lò. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìlú Herat ní ilẹ̀ Afghanistan. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan láti ìlú náà fẹ́ lọ sí ìdíje FIRST Global àkọ́kọ́ ní Washington, níbi tí orílẹ̀-èdè tí ó ju 150 lọ ti kó ẹgbẹ́ wá. Orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ìgbà méjì ni a kọ̀ láti fún àwọn ọmọbìnrin náà ní físà kí a tó gbà fún wọn, ohun èlò wọn sì pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Síbẹ̀ wọ́n lọ, wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà fún ìgboyà wọn.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, tí ẹ̀rọ tí ń bá aláìsàn mí kò tó ní ilé ìwòsàn ilẹ̀ wọn, ẹgbẹ́ náà pinnu láti ṣe ọ̀kan tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Àwọn onímọ̀ ní MIT ti gbé ètò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo ayé láti lò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọbìnrin náà mú ètò yìí, wọ́n sì tún un ṣe kí ó lè gba ohun tí ó wà lọ́jà wọn, títí kan ẹ̀yà ara ọkọ̀ Toyota Corolla àlòkù. Ní oṣù keje ọdún náà ni wọ́n fi í han ayé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni a fi ń ṣọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: ẹni tí kò lè ka àwòrán iṣẹ́, bí a tilẹ̀ fún un ní ètò tí ó dára jù lọ láyé lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé tí a fi èdè tí kò gbọ́ kọ ni. Ẹni tí kò lè yà á, kò lè yí i padà kí ó bá Corolla mu.

Ní 2021, nígbà tí ìjọba yí padà ní ilẹ̀ wọn, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà ní láti sá kúrò nílùú, àwọn kan bọ́ sí Qatar, àwọn kan bọ́ sí Mexico. Ẹni tí ń sá kò lè gbé ilé iṣẹ́ dání. Ohun tí ó wà lórí àti àwòrán tí a tọ́jú nìkan ni ó ń bá ènìyàn rìnrìn-àjò.

ÀWỌN ÀWÁWÍ TÍ A MÁA Ń GBỌ́

Àwọn kan ń wí pé, “A kò ní kọ̀ǹpútà púpọ̀, iná kò sì dúró.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ 10 kò nílò kọ̀ǹpútà 10. Ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù àti rúlà yà á sórí bébà, kí ẹ kọ iye mìlímítà gbogbo sí i. Nígbà tí iná bá dé, ẹ ó ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ yà, wákàtí kan yóò sì ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. FreeCAD wà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì bí a bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán; ní 2024 ni ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde. Onshape ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì lè ṣí i lórí fóònù pàápàá. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í sanwó rẹ̀. Fún ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Tinkercad rọrùn, òun náà sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní láti lo ètò tí a jí.

Àwọn kan ń wí pé, “Àkókò kò sí, kí á máa kàn án lọ.” Ẹgbẹ́ tí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì yà á, tí ó sì kàn án lẹ́ẹ̀kan, yóò ṣáájú ẹgbẹ́ tí ó kàn án ní ìgbà mẹ́rin.

Àwọn kan sì ń wí pé, “Wẹ́dà àti alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa kò lo kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ wọn sì dára.” A kò bá wọn jiyàn. Àwọn àgbà oníṣẹ́ wọ̀nyí ní òṣùwọ̀n ní ọwọ́ wọn, ogún ọdún ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ẹ lọ bá wọn, ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn, ẹ fi àwòrán yín hàn wọ́n. Wọn yóò sọ fún yín pé ihò yìí súnmọ́ etí irin jù, yóò ya. Kọ̀ǹpútà kì í sábà sọ irú rẹ̀ fún ọmọ tí kò mọ ìbéèrè tí yóò bi í.

Èyí ni ó mú wa dé orí ìkìlọ̀ kan. Àwòrán kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Lórí kọ̀ǹpútà, irin kì í tẹ̀ àfi bí a bá ní kí ó ṣírò rẹ̀, nọ́ọ̀tì kì í tú, wáyà kì í já. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń yà á títí tí kò kàn án, òun náà ti ṣìnà. Ẹ yà á, ẹ fi páálí gé e ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an láti dán an wò, ẹ kàn án, kí ẹ sì padà lọ tún àwòrán ṣe gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ rí. Ìkìlọ̀ kejì ni pé, bí ẹ bá mú àwòrán ẹlòmíràn lò, ẹ sọ orúkọ ẹni tí ó yà á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí olùkọ́ yín yà á fún yín tán, kí ẹ wá lọ dúró níwájú àwọn adájọ́ pé ẹ̀yin ni. Irọ́ ni, ìbéèrè kan péré sì tó láti tú u fó.

BÍ ẸGBẸ́ ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀ NÍ OṢÙ KAN

Ọ̀sẹ̀ kìíní: kí olúkúlùkù wọn ohun kan ní ilé, bí ìdérí ìgò tàbí àpótí ìṣáná, kí ó yà á sórí bébà, kí ó sì tún un yà lórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀sẹ̀ kejì: kí a ya irin pẹlẹbẹ kan tí ó ní ihò mẹ́rin, kí a yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, kí a sì wo bí ihò náà ṣe ń tẹ̀lé e.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: kí a ya táyà, ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń yí i àti ìsàlẹ̀ rọ́bọ́ọ̀tì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnì kan sí ọ̀kan, kí a wá kó wọn jọ. Ibẹ̀ ni a ó ti mọ ẹni tí kò wọn tirẹ̀ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: kí a tẹ àwòrán náà jáde ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kí a gé e, kí a sì fi òwò òjé tàbí sìkúrù so ó pọ̀. Bí ó bá bá ara mu, ó kù kí a lọ ra irin.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀJỌRÒ

1. Kí ni a rí kọ́ nínú àṣẹ tí Ọlọ́hun pa fún Ànábì Dáúdà nípa òrùka ẹ̀wù irin?
2. Gíà kan ní eyín 24, èkejì ní 36, module wọn jẹ́ 2. Báwo ni àárín ihò wọn yóò ṣe jìnnà síra tó?
3. Ta ni ó ni owó tí ẹgbẹ́ wa ń ná, báwo ni a sì ṣe lè jíhìn rẹ̀?
4. Bí ẹni tí ó mọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ wa bá lọ lónìí, kí ni yóò kù sílẹ̀ fún wa?
5. Irú iṣẹ́ wo ni a ń fún àwọn arábìnrin nínú ẹgbẹ́ wa? Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kò sí ohun tí ó burú nínú pé kí a fẹ́ borí nínú ìdíje. Ṣùgbọ́n ife-ẹ̀yẹ yóò ṣe eruku lórí àga, rọ́bọ́ọ̀tì náà yóò di ohun tí a tú palẹ̀. Ọmọ tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń wọn nǹkan kí ó tó gé e, tí ó kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ìmọ̀ràn, tí ó sì kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú amáànà, ni yóò kù fún ìjọ àti fún ìlú. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ẹ̀rọ tí ń fa omi fún abúlé lọ́la, tí yóò tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe, tí a kò sì ní máa retí òyìnbó kí nọ́ọ̀tì kan tó wọ ibi tí ó yẹ.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní, kí Ó fi ihsaan sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó má sì jẹ́ kí làálàá wa já sí asán. Aamiin.